Òkè Tó Sùn Sínú Àpótí Ìyá Mi

Iyọ̀ ni mo bù sínú tíì mi láàárọ̀ Ọjọ́rú yẹn. Ṣíbí méjì gbáko ni mo bù, mo sì rò ó dáadáa kí n tó gbé e sẹ́nu. Mo tú u dànù, mo fi omi ṣan ẹnu, mo wá yíjú sí pẹpẹ ilé ìdáná. Agolo mẹ́rin ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn rí bákan náà, mi ò sì kọ orúkọ sára ìkankan nínú wọn. Kí ni mo fẹ́ fi orúkọ ṣe? Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń tò wọ́n láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún: iyọ̀, ìyẹ̀fun, kọfí, ṣúgà. Pẹ̀lú oorun lójú ni mo ṣe ń nawọ́ mú ṣúgà ní ìparí ọ̀tún láràárọ̀, kò sì já mi kulẹ̀ rí.

Ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù nílé tí mo lè bá jà, ẹni náà sì ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó na ẹsẹ̀ sínú oòrùn. Oṣù méjì ni màmá mi ti wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, láti ìgbà tí orúnkún rẹ̀ ti kọ àtẹ̀gùn ilé tirẹ̀.

"Màmá, ta ló fọwọ́ kan agolo mi?"

"Èmi ni o. Eruku ti bò wọ́n. Mo fọ̀ wọ́n, mo nù wọ́n, mo sì tò wọ́n padà bí mo ṣe bá wọn."

"Ẹ ò tò wọ́n bí ẹ ṣe bá wọn. Iyọ̀ ni mo fi mu tíì."

"Pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe bá wọn ni mo ṣe tò wọ́n." Ó rọra dìde, ó wọlé wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì rẹ̀ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Iyọ̀ rèé. Ìyẹ̀fun rèé. Kọfí rèé. Ṣúgà rèé. Èwo ló yí padà níbẹ̀?"

Láti ọwọ́ ọ̀tún ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Mo ti la ẹnu láti dá a lóhùn. Ìbínú mi kì í pẹ́ dé, ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti jogún rẹ̀, gbogbo ẹbí ló mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ irú gbólóhùn "bí mo ṣe bá wọn ni mo ṣe tò wọ́n" yẹn rí, kì í sì í ṣe lórí ọ̀rọ̀ agolo. Mo gbé ife sílẹ̀, mo wá kọ́kọ́rọ́ ibi iṣẹ́ mi, mo sì jáde pẹ̀lú bàtà ilé lẹ́sẹ̀.

"Ṣé torí iyọ̀ náà lo ṣe ń lọ?" Màmá mi ló ń béèrè lẹ́yìn mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, nítorí àwọn ẹbí ọkọ mi gan-an ò tíì mọ̀ ọ́n títí di òní, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín sí mi ni. Òkúta ni mò ń tọ́jú. Bí àwọn tó ni iṣẹ́ wa bá fẹ́ mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n á gbé ẹ̀rọ wá, wọ́n á fi páìpù onímú dá ilẹ̀ lu. Òkúta tó bá wọ inú páìpù náà á jáde wá ní roboto, gígùn bí àbẹ́là. Ẹnì kan á gbà á lọ́wọ́ wọn, á tò ó sínú àpótí pákó tó ní ìlà márùn-ún. Èyí tó sún mọ́ òkè ilẹ̀ jù lọ ló ń kọ́kọ́ wọlé, ní igun òsì lókè, a ó máa tò ó lọ sí ọ̀tún títí ìlà á fi kún, a ó tún bẹ̀rẹ̀ ìlà kejì láti òsì, bí a ṣe ń kàwé gẹ́lẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í kọ́ni ní èyí. Kò sí ẹni tó rò pé ọ̀nà mìíràn wà.

Inú sítọ̀ ńlá kan ni wọ́n ń kó àpótí wọ̀nyí sí, wọ́n tò ó dé àjà. Èmi ni mo ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án àpótí ni, mo sì mọ̀ wọ́n bí tíṣà ṣe ń mọ ọmọ kíláàsì rẹ̀, títí kan àwọn olóríkunkun tí ìdérí wọn kì í fẹ́ ṣí.

Adálẹ̀lu ni bàbá mi, òun ló ń darí ẹ̀rọ. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, obìnrin tó ń bá wọn to òkúta lọ bímọ, bàbá mi sì ní kí màmá mi wá gba ipò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ihò kan ṣoṣo ló bá wọn ṣe, Ihò Keje, lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn gáréèjì. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Àárọ̀ ni àwọn méjèèjì jọ ń jáde, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n jọ ń wọlé, ẹrẹ̀ lára aṣọ wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ara wọn níyàwó. Mi ò rí wọn kí inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ fún ọjọ́ pípẹ́.

Nígbà tí àpótí ọgọ́fà náà dé ọ́fíìsì, ọ̀gá ìgbà yẹn ṣí wọn, ó wò wọ́n, ó sì pariwo. Ìparí ìlà kìíní kò bá ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kejì mu. Amọ̀ pupa tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ òkúta dúdú, òun ló wà lókè. Ó mú ìwé ńlá, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ihò Keje. Ẹni tó tò ó ti dà á rú. Kò ṣeé kà." Ó pe màmá mi síwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó bi í léèrè bóyá ojú rẹ̀ ń fọ́. Màmá mi ní, "Bó ṣe jáde nílẹ̀ ni mo ṣe tò ó, sà." Ohun kan ṣoṣo tó rí sọ nìyẹn. Bàbá mi bọ́ síwájú, ó ní ìyàwó òun kì í da nǹkan rú. Ọ̀gá ní kó panu mọ́. Bàbá mi ṣí akoto lórí, ó gbé e lé orí tábìlì ọ̀gá náà, lórí ìwé tó ṣí sílẹ̀, kò sì padà síbẹ̀ mọ́ láéláé. Títún ẹ̀rọ omi ṣe fún àwọn onílé ló fi lo ìyókù ọjọ́ ayé rẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni bàbá mi fẹ́ràn.

Ní ti màmá mi, ó gbà pé òun lòun gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Igba ìgbà ló sọ ọ́.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé èmi náà ti ṣí àpótí Ihò Keje rí. Oṣù kìíní tí mo débi iṣẹ́ ni mo yọ́ lọ síbẹ̀, mo ń wá ohun tí màá fi sọ fún ìyá mi pé wọ́n parọ́ mọ́ ọn. Mo kà á láti òsì sí ọ̀tún bí mo ṣe ń ka tèmi. Ó dàrú lóòótọ́. Mo dé ìdérí padà, mi ò sọ ọ́ nílé. Nígbà tí wọ́n wá ní àyè kò tó mọ́ nínú sítọ̀, kí n kọ orúkọ àwọn àpótí tí kò wúlò kí ọkọ̀ akẹ́rù lè wá kó wọn lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, kí wọ́n lọ fọ́ wọn ṣe òkúta ọ̀nà, Ihò Keje ni mo kọ́kọ́ kọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Mo gba ìwé gbọ́ ju ìyá mi lọ, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ọlọ́wọ́ òsì ni màmá mi. Nígbà tó wà níléèwé, wọ́n fi rúlà nà án ní ìka títí ó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀tún kọ̀wé, nítorí náà lẹ́tà rẹ̀ tó wà lára àpótí mọ́ kedere, kò sí ẹni tó fura. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bá ti yàtọ̀ sí ìwé kíkọ, òsì ló fi ń ṣe é. Ó ń fi òsì gbálẹ̀. Ó ń sá aṣọ láti òpin okùn wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń já ewé ìwé kàlẹ́ńdà bí ẹni tó fẹ́ padà sí oṣù tó kọjá. Mo ti ń wo gbogbo èyí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mo sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àfi ìgbà tí mo mu tíì oníyọ̀ kí orí mi tó pé.

Nígbà tí mo dé sítọ̀, mo gbé àpótí kìíní Ihò Keje sílẹ̀ lórí tábìlì. Mo mú òkúta tó gbẹ̀yìn ní igun òsì ìlà kìíní, mo mú èyí tó wà ní igun ọ̀tún ìlà kejì, mo fi ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ kanra wọn. Wọ́n wọnú ara wọn bí àwo tó fọ́ sí méjì. Mo ṣe ìlà kejì sí ìkẹta, ó bára mu. Ìkẹta sí ìkẹrin, ó bára mu. Mo ṣí àpótí méjìlá láìsinmi, kò sí ẹyọ kan tó ṣìnà. Màmá mi kò da nǹkan kan rú. Ó tò ó lẹ́sẹẹsẹ, láti ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tirẹ̀.

Mo wá jókòó, mo kà á láti ọ̀tún. Amọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, amọ̀ àti iyanrìn, àpótí lẹ́yìn àpótí, ẹrẹ̀ odò tó ti gbẹ kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni láyé. Nígbà tí mo dé àpótí kẹtàlélọ́gọ́rin, ó ti lé ní irínwó mítà sísàlẹ̀, òkúta dúdú dé. Òkè rẹ̀ kún fún ihò wẹ́wẹ́, bí ìfófòó ọṣẹ tó gbẹ. Àárín rẹ̀ le, ó ń dán. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jókòó lórí amọ̀ tó ti jóná di pupa bíi bíríkì. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Òkúta yẹn ti yọ́ rí. Ó ti ṣàn lórí ilẹ̀ bí epo gbígbóná, ó sun ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì ń hó jáde láti òkè kó tó tutù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni eérú, lẹ́yìn eérú ni òkúta dúdú mìíràn, pẹ̀lú ihò lórí àti pupa lẹ́sẹ̀. Mọ́kànlá ni mo kà.

Òkè oníná ni. Òkè tó ń bi iná lẹ́nu nígbà tí ilẹ̀ yìí ṣì wà láìlẹ́nìkan, ó bì í lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, ó rẹ̀ ẹ́, ó kú, odò sì wá ń fi ẹrẹ̀ bò ó díẹ̀díẹ̀ títí kò fi sí ṣóńṣó rẹ̀ lójú ilẹ̀ mọ́. Lókè orí rẹ̀ gan-an ni àwọn awakọ̀ ti ń jà lórí ẹni tó kan láti kó èrò. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti wà nínú àpótí, ìyá mi ló tò ó síbẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín òkúta, mo sì sunkún díẹ̀.

Ọ̀gá wa ti ìsinsìnyí kéré sí mi lọ́jọ́ orí, èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n tí o bá sọ fún un pé òjò ń rọ̀, á bi ọ́ léèrè bóyá ó dá ọ lójú. Ṣódáyínlójú ni a ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Mo pè é wá, mo fi gbogbo rẹ̀ hàn án. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ so òkúta pọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó títí.

"Ṣé ó dá yín lójú?" ó ní.

"Ó dá mi lójú, sà."

"Ó bára mu, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti igun ọ̀tún lókè, á bára mu báyìí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti igun òsì nísàlẹ̀, tó ń tò ó lọ sókè, á bára mu báyìí náà. Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé pupa ló wà lókè bí ìwé ṣe wí, òkè yín ti dojú dé nìyẹn."

"Ibi tí àpótí kan ti parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?"

"Òòlù ni wọ́n fi ń fọ́ òkúta níbẹ̀ kó lè wọ àpótí. Ẹnu rẹ̀ ti rún, ẹ̀yin gan-an mọ̀." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Mi ò lè pa ohun tó wà nínú ìwé rẹ́ lórí ohun tó wù wá. Ẹni tó tò ó ló lè sọ. Ṣé ó ṣì wà láyé?"

"Ó wà láyé," mo ní. "Òun ló fún mi ní iyọ̀ mu láàárọ̀ yìí."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo sọ ọ́ fún màmá mi. Mo rò pé á fò sókè. Kò fò. Ó gbọ́ ọ dé ìparí, ó fọwọ́ lérán.

"A jẹ́ pé mo tò ó ní ìtòkutò lóòótọ́," ó ní.

"Màmá, ẹ tò ó dáadáa. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti kà á."

"Gbogbo ayé ń bẹ̀rẹ̀ láti òsì, èmi ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún. Ta ló ṣàṣìṣe níbẹ̀?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Òkúta roboto kan ló fi ń di ilẹ̀kùn ibẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa gbá a. Ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, dúdú lókè, pupa nísàlẹ̀. Bàbá mi ló mú un wálé lọ́jọ́ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò ra òdòdó, kò ra nǹkan kan, òkúta ló fi lé màmá mi lọ́wọ́. Láti ilé dé ilé ló ti ń bá a kiri. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ bá sì dojú rẹ̀ délẹ̀, bàbá mi á pariwo láti ibi yòówù kó wà: "Pupa ni ẹsẹ̀ rẹ̀! Ẹ gbé e dìde!"

"Ohun kan wà tí mi ò bi bàbá yín títí ó fi lọ," màmá mi ní. "Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n bi í. Lọ́jọ́ tó gbé akoto sílẹ̀ yẹn, ṣé ó gbà mí gbọ́ ni, àbí ó kàn fẹ́ràn mi?"

"Ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni?"

"Kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo fẹ́ràn ẹ, ṣùgbọ́n tó o bá ní o ò ní pẹ́ dé, mi ò gbà ẹ́ gbọ́ rárá." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. "Tó bá jẹ́ ìfẹ́ lásán ló mú kó fi iṣẹ́ tó fẹ́ràn sílẹ̀, tó sì mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé mo dà á rú, á jẹ́ pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè tí mi ò lè san mọ́. Ibi tó ń dùn mí nìyẹn."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bàbá mi ti lọ láti ọdún mẹ́fà, kò sí ẹni tí a lè lọ bi.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí ọ̀gá fẹ́ rí i, màmá mi wọ aṣọ tó fi ń lọ sóde, ó fi táwẹ́lì wé òkúta ilẹ̀kùn náà, ó gbé e sínú báàgì, kò jẹ́ kí n bá a gbé e. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe, ó ní ibi tó ti wá lòun fẹ́ gbé e lọ kí ó fojú kan àwọn ará ilé rẹ̀ kí wọ́n tó kó wọn lọ.

Ọ̀gá kí i tẹ̀yẹtẹ̀yẹ nínú sítọ̀, ó gbé àga fún un. Ó ti gbé àpótí òfìfo kan kalẹ̀ lórí tábìlì, ó kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú páànù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi to eléyìí bí ẹ ṣe ń tò ó nígbà yẹn. Ẹ fi ọkàn balẹ̀."

Màmá mi kò jókòó. Ó dúró síwájú àpótí náà, ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ sínú páànù, ó mú òkúta kan, ó sì gbé e sí igun ọ̀tún lókè. Ó mú òmíràn, ó gbé e tẹ̀lé e. Kò ronú, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìlà kìíní kún, ọwọ́ rẹ̀ padà sí ọ̀tún, ó bẹ̀rẹ̀ ìkejì. Mo rí ìyá mi bó ṣe rí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹrẹ̀ lára aṣọ.

"Ó ti tó, mà," ọ̀gá ní. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ṣùgbọ́n wọ́n á bi mí pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti kọjá, ta ló jẹ́rìí sí i pé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe é nígbà yẹn?"

"Ẹni tó lè jẹ́rìí ti kú," màmá mi ní. Ó tú táwẹ́lì. "Òun ló mú eléyìí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dá a padà ná."

Mo mọ ibi tó ti jáde. Àpótí kọkànlélọ́gọ́rùn-ún, ìlà kẹta, àlàfo kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi igi dí. Òfin wa ni: bí o bá mú òkúta kúrò, o gbọ́dọ̀ fi igi tó gùn bákan náà sí ipò rẹ̀, kí ìyókù má bàa yọ̀ kúrò. Lójú igi náà, ọwọ́ bàbá mi ló kọ ọ́: "Àtẹ́lẹwọ́ kan ni mo mú." Mo ti rí i rí, mo sì ti fọwọ́ pa á. Ṣùgbọ́n mi ò yọ ọ́ rí, nítorí bí ẹ bá yọ igi, òkúta á ṣípò.

Màmá mi yọ ọ́. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì fi òsì rẹ̀ gbé òkúta náà sínú àlàfo, ẹsẹ̀ pupa sí apá òsì, bí ìyókù ṣe wà. Ó wọlé ṣinṣin. Ojú ibi tí ó ti ṣẹ́ lókè bá ti ẹnìkejì rẹ̀ mu, pupa ìsàlẹ̀ bá pupa mu, kò sí ibi tí irun lè gbà wọlé.

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yí igi ọwọ́ mi. Ọ̀rọ̀ wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Pẹ́ńsù tí kì í parẹ́, èyí tí wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà sára àpótí, ló fi kọ ọ́, ó ṣì hàn kedere. Lẹ́tà náà tóbi, ó tẹ pẹ́ńsù mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ṣì ń bínú.

"Kí ló wà níbẹ̀?" màmá mi ní. "Mi ò mú awò mi wá."

Mo kà á sókè.

"Pupa ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe jáde nílẹ̀ ni ìyàwó mi ṣe tò ó. Èmi ni mo dá a lu, mo fojú mi rí i. Ẹni tó bá ka èyí, kó tún un kà."

Màmá mi wá àga, ó jókòó báyìí. Ó gba igi náà lọ́wọ́ mi, ó ń fi àtàǹpàkò tọ lẹ́tà náà láti ìparí wá sí ìbẹ̀rẹ̀.

"Ó gbà mí gbọ́," ó ní. Ó yíjú sí ọ̀gá, bí ẹni pé òun ló ń jiyàn. "Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ọkọ mi gbà mí gbọ́."

"Mo gbọ́ ọ, mà," ọ̀gá ní. Kò bi í léèrè bóyá ó dá a lójú.

Ó lọ gbé ìwé ńlá náà wá, ó ṣí i sí ojú ewé Ihò Keje. Òrùka èérí kan ṣì wà lórí ewé náà, níbi tí bàbá mi gbé akoto lé. Ọ̀gá fa ìlà sórí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó kọ "Òkè oníná, láti àpótí kẹtàlélọ́gọ́rin. Ẹ kà á láti ọwọ́ ọ̀tún," ó wá gbé pẹ́ńsù fún màmá mi kó fọwọ́ sí i. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á, bí wọ́n ṣe fi rúlà kọ́ ọ. Ó wo pẹ́ńsù náà fún ìgbà díẹ̀. Ó gbé e bọ́ sí òsì. Lẹ́tà rẹ̀ wọ́ bí ti ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó gba ojú ìlà mẹ́ta: "KÒ DÀRÚ."

Bí a ṣe fẹ́ máa lọ, ó fi igi náà sínú báàgì rẹ̀. Ọ̀gá rántí òfin, ó ní, "Mà, bí ẹ bá mú nǹkan nínú àpótí..."

"Mo ti fi òkúta sípò rẹ̀," màmá mi ní, a sì jáde.

Ọkọ̀ akẹ́rù dé lọ́jọ́ Ẹtì, ó kó tirẹ̀ lọ, kò kó Ihò Keje. Òkè náà ṣì wà níbi tó wà, lábẹ́ gáréèjì àti nínú sítọ̀ mi, mo sì máa ń kí i tí mo bá ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Mo ti ń to agolo mi láti ọ̀tún báyìí. Ọkọ mi ló kù tó ń mu tíì oníyọ̀, kò sì tíì mọ ìdí rẹ̀.

Igi yẹn ni màmá mi wá fi ń di ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ojú tí ọ̀rọ̀ wà sí òkè. Igi fúyẹ́, kò lè di ilẹ̀kùn kankan mú. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ díẹ̀, á tì í sẹ́yìn, ilẹ̀kùn á gbá gbàmù. Màmá mi á dìde pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún yẹn, á ṣí ilẹ̀kùn, á gbé igi náà padà sípò, á kà á kó tó lọ jókòó. Ọkọ mi ní kí a ra òmíràn tó wúwo. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fi ilẹ̀kùn náà sílẹ̀, kó máa gbá.